Ọ̀kẹ́ kan nínú fóònù: ọmọ títọ́ àti owó tí ojú kò rí

Àwọn òbí Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa, ní Àbújá, ni mo ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fún. Mo ti yọ àwọn ibi tí mo ti ń tún ọ̀rọ̀ sọ kúrò, ṣùgbọ́n mo fi àwàdà sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí àwọn tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ní kí n má yọ ọ́.

Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìyá yín fi ipá mú wá síbí lọ́sàn-án Sátidé, mo kí yín. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ìdílé ṣe lè máa ṣọ́ owó ná, kí ó sì tọ́ ọmọ yanjú láyé fóònù àti ṣekárími tí a wà yìí. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo pín in sí nínú ìwé ọwọ́ mi: owó, ẹ̀rọ, ọjà àti ilé-ìwé. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lórí owó, nítorí iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Gbólóhùn kan ṣoṣo náà ni mo sì ń sọ káàkiri láti ìgbà náà: ọmọ tí kò bá fojú rí owó kò lè kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ọ ná.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé mi. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó tì mí lórí àga lọ́jọ́ kan, ó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ ṣe géèmù. Kò pariwo, kò sì béèrè ohunkóhun. Nígbà tó di alẹ́ ni ìyá rẹ̀ rí i pé báńkì ti yọ ₦19,500 nínú owó òun, ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Káàdì rẹ̀ ti wà nínú fóònù náà láti ọjọ́ tó ti fi ra ọjà kan. Ibi tí wọ́n bá ní kí ọmọ tẹ̀ ló ń tẹ̀. Aṣọ ló rà. Kì í ṣe aṣọ tí ènìyàn ń wọ̀ o. Aṣọ àti bàtà fún jagunjagun kan tó ń sáré kiri nínú géèmù ni. Nígbà tí a pè é, kò purọ́. Ó wo ìyá rẹ̀ lójú, ó ní, “Mọ́mì, mi ò mú owó yín. Mi ò dé ìdí báàgì yín rárá.” Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Báàgì ló mọ̀ sí ilé owó, kò sì fọwọ́ kan báàgì.

₦500 péré ló kù kí owó yẹn pé ₦20,000. Ẹ̀yin àgbà mọ orúkọ tí àwọn bàbá wa ń pe iye yẹn: ọ̀kẹ́ kan. Àpò ni ọ̀kẹ́. Láyé owó ẹyọ, márùn-ún-márùn-ún ni wọ́n ń fọwọ́ ka owó nílẹ̀. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ló ń di ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló sì ń kún àpò kan. Ẹni tó bá fẹ́ ná ọ̀kẹ́ kan ní láti wá ẹni tí yóò rù ú dé ọjà, ọrùn onítọ̀hún á sì ti wọ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Kò sí ọmọ kan nínú agbo ilé tí kò ní mọ̀ pé bàbá òun ń náwó lónìí. Mi ò ní kí a padà sídìí owó ẹyọ. (Ọ̀rẹ́ mi onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó jókòó níwájú yìí ti ń mi orí, ẹ ní sùúrù, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.) Ohun tí mo ń wí ni pé owó ń wúwo bí iye rẹ̀ ṣe tó nígbà náà. Ọ̀kẹ́ tó jáde nínú fóònù yẹn kò wúwo, kò dún, ẹnikẹ́ni kò sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀rí kejì, gbogbo wa la jọ ṣojú rẹ̀. Kò yẹ kí n máa ròyìn oṣù kejì ọdún 2023 fún ará Àbújá. Báńkì àpapọ̀ ti pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Ti àtijọ́ ń wọlé lọ, tuntun kò sì tó ọwọ́ ẹnikẹ́ni, títí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a ṣì máa ná ti àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà. Ẹ rántí pé ńṣe la ń fi owó ra owó lọ́dọ̀ àwọn oní-POS. Nínú ilé tèmi, inú agolo mílíìkì kan lórí tábìlì ni a ń kó ìwọ̀nba tí a bá rí gbà sí, kí gbogbo ilé lè máa rí iye tó kù. Ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin tí mo sọ yẹn, tí kì í jẹ́ kí a sinmi nítorí bísíkíìtì, á dìde, á yọjú wo inú agolo, á tún padà lọ jókòó. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Agolo ló bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi yìí ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọ̀wọ́n owó ló kọ́ ọmọ náà lọ́gbọ́n, pé rírí owó kọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 yẹn kan náà, tí lítà epo bẹntiróò ní Àbújá fò láti abẹ́ ₦200 dé ₦537, tó sì ti di ₦617 kí oṣù keje tó parí, ilé ta ni ọ̀wọ́n kò tíì wọ̀? Bó bá jẹ́ pé ọ̀wọ́n ni olùkọ́, àwọn ọmọ wa ì bá ti gboyè jáde. Ọ̀wọ́n wà nílẹ̀, agolo ni kò sí lórí tábìlì mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu nípa kólò àti káàdì alájọ. Ẹ wo káàdì alájọ dáadáa: ojú ilé kọ̀ọ̀kan dúró fún ọjọ́ kan, alájọ á fa igi sí i níṣojú ẹ, nígbà tí oṣù bá sì parí, owó ọjọ́ kan ni yóò yọ fún ara rẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún méje lè fi ìka ka ohun tí wọ́n ti dá, kí ó tún fi ìka kan han èyí tó jẹ́ ti alájọ. Wọ́n á ní áàpù ìfowópamọ́ ń san èlé, kólò kò sì san. Òótọ́ ni, èmi náà sì ní ọ̀kan. Àgbàlagbà ni mí, mo ti mọ bí owó ṣe rí kó tó wọ inú rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ kan tilẹ̀ wà nínú ilé tí mo fẹ́ràn gan-an: mítà iná. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná fún wákàtí tó pọ̀ jù lọ lóòjọ́, dé ₦225 fún yúníìtì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dín in díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ọmọkùnrin wa ni mo fi sídìí mítà. Á gun àpótí, á ka iye tó wà níbẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ, á sì tún lọ kà á nígbà tó bá parí. Lọ́jọ́ kan ló sáré wá bá mi pé, “Bàbá àgbà, ṣòkòtò yín jẹ iná ju ti gbogbo wa lọ.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ká ṣòkòtò sábẹ́ ibùsùn kó lè gún.

Ọ̀rọ̀ gbèsè wà lára owó, n kò sì lè fò ó. Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, ẹni tó yá a lówó lè rán ológò sí i. Ológò á wá dógò tì í nínú ilé: á máa bú u, á máa pariwo kí aládùúgbò lè gbọ́, á mú adìyẹ tó bá rí pa jẹ, títí ìtìjú yóò fi lé ẹbí jáde láti lọ wá owó náà. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù kò dá ohun tuntun kankan sílẹ̀. Wọ́n á kó orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ, bí ọjọ́ bá sì yẹ̀, wọ́n á máa kọ̀wé sí àna rẹ, sí ọ̀gá rẹ, sí pásítọ̀ tàbí ààfáà rẹ pé olè ni ọ́. Ìwà yẹn ló mú kí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Èkó lọ́dún 2022. Ibi tí tòní ti yàtọ̀ ni pé ọmọ tó bá bá ológò pàdé lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀, tó rí i tó ń fi adìyẹ wọn jẹun, yóò sá fún gbèsè títí ayé. Ọmọ tòní kò rí ológò. Ó kàn ń rí i pé bàbá òun pa fóònù, ó sì ń jágbe mọ́ gbogbo ilé.

Ibí yìí ni alága ti lu aago. Ìṣẹ́jú méjìlá ló kù, ọ̀nà mẹ́ta sì wà nílẹ̀.

Lórí ẹ̀rọ, mo kúrú un. Kì í ṣe àwa ló yẹ kó máa bẹ̀rù ẹ̀rọ: Ìbàdàn ni WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà ń tilẹ̀kùn lálẹ́, kálukú á sì lọ sùn. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ báyìí kò nílẹ̀kùn. Àjọ ìlera àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo ojú ẹ̀rọ rárá, kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì wò ó ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Ọsirélíà ti fi òfin lé àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún kúrò lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ láti oṣù kejìlá ọdún 2025. Ìjọba tó ní ọlọ́pàá ń bẹ̀rù nǹkan yìí, ẹ̀yin sì ń fi lé ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ kó má baà sunkún níbi ìgbéyàwó.

Lórí ọjà, ẹ̀yin ìyá mọ̀ ju mí lọ. Ẹ kàn máa mú ọmọ dání lọ sí ọjà Kubwa. Ní súpámákẹ́ẹ̀tì, iye owó ti wà lára ọjà, ọmọ kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé “ó ti wọ́n jù”; nídìí ẹni tó ń fi mudu wọn ẹ̀wà, á gbọ́ ọ, á sì rí i bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ bu ènì lé e. Lórí ilé-ìwé, àpò ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí nìkan ni mo fẹ́ bá jà: òbí tó jẹ gbèsè owó ilé-ìwé kò gbọdọ̀ máa pín ṣokoléètì fún ọgbọ̀n ọmọ.

Mo ti ń ká ìwé mi nígbà tí obìnrin kan dìde lẹ́yìn.

Ó ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ má bínú sí mi. Byazhin ni mò ń gbé, Garki ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago márùn-ún àbọ̀ ni mò ń jáde kí ọ̀nà tó dí, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mò ń wọlé. Ọmọ mi méjèèjì ti ti ilé-ìwé dé láti aago méjì. Fóònù yẹn tí ẹ ń bá jà, Bàbá, òun ni ìyá àgbà wọn. Òun ló ń mú wọn jókòó sílé kí wọ́n má bọ́ sí títì. Nínú gbogbo ẹni tó lè bá mi wo ọmọ ní Kubwa, òun ló gba owó kékeré jù. Kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?”

Gbogbo ilé dákẹ́. Mo wo ìwé mi, kò sí ìdáhùn níbẹ̀. Apá ìnáwó ni mo kọ fóònù sí látòkèdélẹ̀; obìnrin yìí kọ ọ́ sí apá owó tí òun dá sí, ìṣirò tirẹ̀ ló sì tọ̀nà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un níṣojú gbogbo wọn, ọ̀rẹ́ mi onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé sì pàtẹ́wọ́ ju bó ti yẹ lọ.

Nínú agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tó bá ti ilé-ìwé dé á bá ojú mẹ́fà, ojú mẹ́jọ nílẹ̀, kò sì sí èyí tí a ń sanwó fún nínú wọn. Láti ìgbà tí ìjọba ti kó dé Àbújá lóṣù kejìlá ọdún 1991 la ti ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tọkọtaya àti ẹrù wọn. Agbo ilé kò bá wa wọ mọ́tò. Mo wá rántí àáró: àgbẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún á parapọ̀ ro oko ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la, owó kò sì ní kọjá láàárín wọn. Mo ní bóyá ìyá márùn-ún ládùúgbò kan lè máa fi ọmọ wíwò ṣe àáró, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀sán kan lọ́sẹ̀.

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo ló máa yọ̀ǹda ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ fún akọ̀wé? Ìyá àgbàlagbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní Byazhin ni òun náà ń gbé, pé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ wá. Òun kò gba owó; kí àwọn ìyá wọn máa bá òun ra ọjà lọ́jọ́ Sátidé nítorí orúnkún, kí wọ́n sì bá òun pọn omi nígbà tí ẹ̀rọ omi bá dákẹ́.

Obìnrin àkọ́kọ́ béèrè bóyá ó lè gba ọmọ méjì. Ìyá náà ní òun ti kọ́ ọmọ márùndínláàádọ́ta nínú kíláàsì kan rí.

Mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti sọ pé kí wọ́n má gbàgbé láti gbé kólò kan sórí tábìlì níbẹ̀, ṣùgbọ́n alága ti gbà á lọ́wọ́ mi.