Ẹ̀jẹ̀ tí àyẹ̀wò ń gbà lára aláìsàn ICU

Ẹ wo ìgò kékeré yìí, èyí tí ìdérí rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò. Mílílítà 4 ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà. Ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀ ní láàbù kì í lò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ìyókù, dídànù ni.

Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ṣe àyẹ̀wò kò ní mọ̀ pé nǹkan kúrò lára òun. Ti ẹni tó dùbúlẹ̀ sí ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, yàtọ̀: wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á gbà á lọ́sàn-án, wọ́n á tún gbà á lóru. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2002 láti àwọn ICU ilẹ̀ Yúróòpù rí i pé nǹkan bíi mílílítà 41 ló ń jáde lára aláìsàn kan lójúmọ́. Ní ọjọ́ 10, ó ti lé ní 400. Díẹ̀ ló kù kó tó odidi àpò ẹ̀jẹ̀ kan.

Ẹ sún mọ́ ọrùn ọwọ́ aláìsàn náà. Rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n kì bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ níbí ni kì í jẹ́ kí wọ́n máa gún un lábẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà. Àmọ́ omi iyọ̀ wà nínú rọ́bà náà, ó sì máa ń pò mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde. Nọ́ọ̀sì á wá fa bíi mílílítà 5 sínú sìríǹjì, á dà á nù, kó tó gba èyí tó ń lọ sí láàbù. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, mílílítà 20 ti ṣòfò láìwọ ìgò kankan. Oríṣi rọ́bà kan wà tí kò ṣí síta rárá: ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ á dúró sínú rẹ̀, nọ́ọ̀sì á sì tì í padà sára ẹni tó ni ín. Irú rẹ̀ ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo bẹ́ẹ̀dì ICU.

Kí ló dé tí ara ò fi tètè dá ẹ̀jẹ̀ náà padà? Èròjà irin ni mùdùnmúdùn egungun fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa. Bí àrùn bá wọ ara gan-an, ẹ̀dọ̀ á tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní hepcidin jáde, èyí tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ irin nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́jú rẹ̀. Irin wà nílé, kò ráyè jáde. Àyẹ̀wò ferritin, tó ń wo irin tí ara tọ́jú pa mọ́, á tiẹ̀ fi hàn pé ó pọ̀. Hepcidin yìí kan náà kì í jẹ́ kí ìfun gba irin wọlé dáadáa, ìdí nìyẹn tí oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹbí tu owó jọ rà wá kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn.

Fífa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ńkọ́? Lọ́dún 1999, àwọn dókítà ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára aláìsàn ICU 838. Wọn ò fún apá kan lẹ́jẹ̀ àfi bí hemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn kiri, bá wálẹ̀ ju 7 (g/dL) lọ. Ti apá kejì, bó bá ti wálẹ̀ ju 10, wọ́n á fún wọn. Láàárín ọjọ́ 30, nǹkan bí 19 nínú 100 ló kú ní apá àkọ́kọ́, 23 ní apá kejì. Ìyàtọ̀ yẹn lè jẹ́ kòńgẹ́ lásán, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ gba ẹ̀mí là jù. Hemoglobin 7 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ PCV 21, ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́ 21 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ náà. Àpò kan á gbé hemoglobin sókè ní nǹkan bí 1, nítorí náà ẹ fa ẹyọ kan, kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó so òmíràn kọ́. Èyí tó bá pọ̀ jù lè da omi sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tàbí tí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dí, ẹ má fi 7 yìí dá a dúró.

Ní Kánádà kan náà, ICU 25 pààrọ̀ ìgò mílílítà 4 sí 6 sí èyí tó ń gba 1.8 sí 3.5. Láàbù kò fi bẹ́ẹ̀ ráhùn pé ẹ̀jẹ̀ kò tó òun lò.

Bí ẹ kò bá tíì rí ìgò kékeré rà, ẹ mú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ọ̀la dání nígbà tí ẹ bá ń yí wọ́ọ̀dù ká. Èyí tí èsì rẹ̀ kò ní yí ìtọ́jú padà nínú wọn, ẹ fagi lé e kí ilẹ̀ tó mọ́.