Bá a ṣe ń yẹ mẹ́dàlì Chicago 1893 wò ká tó sanwó

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni mẹ́dàlì ẹ̀bùn ti World's Columbian Exposition, ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Chicago lọ́dún 1893, ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Etí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fìka méjì dì mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀ rárá, òógùn máa ń ba idẹ jẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n: ìbú rẹ̀ máa ń tó mílímítà 76. Tó bá kéré gan-an tó sì fúyẹ́, á jẹ́ pé ọ̀kan lára àwọn alumíníọ̀mù tí wọ́n ń tà fáwọn èrò ìwòran ni, ìyẹn náà dáa o, àmọ́ kẹ́ ẹ má sanwó idẹ lé e lórí.

Columbus, atukọ̀ tó rìnrìn àjò dé Amẹ́ríkà, ló na apá méjèèjì níwájú yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gúnlẹ̀, iṣẹ́ oníṣẹ́ ọnà Augustus Saint-Gaudens ni. Òun náà kọ́kọ́ ṣe ẹ̀yìn, ó fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí i níhòhò, àwọn aláṣẹ ní àwọn ò gbà, ni wọ́n bá gbéṣẹ́ ẹ̀yìn fún Charles Barber, ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́ àwòrán owó fún ìjọba Amẹ́ríkà. Tèmi ni pé ti Barber ti kún jù, ọ̀rọ̀ ló bo gbogbo ẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa fara balẹ̀ rè é o. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀yìn mẹ́dàlì náà, orúkọ ẹni tó gbẹ̀bùn ló wà níbẹ̀, irin kékeré tí wọ́n kọ orúkọ sí ni wọ́n ń ki bọ inú mọ́ọ̀dù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní ilé iṣẹ́ Scovill nílùú Waterbury ní Amẹ́ríkà, torí náà lẹ́tà yẹn gbọ́dọ̀ yọ sókè. Tó bá jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ ẹ wọnú, ẹ fura jàre. Ẹ wá yí etí rẹ̀ po: tẹ́ ẹ bá rí ìlà tó lọ yíká bíi ti ìdérí agolo, èèpo méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ayédèrú ni.

Ẹ má fi Brasso kàn án láéláé! Àwọ̀ pupa-dúdú yẹn lówó wà, tẹ́ ẹ bá bó o kúrò, kò sẹ́ni tó máa san iye yẹn mọ́. Eruku nìkan ni kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n kúrò, kẹ́ ẹ dá a padà sínú àpótí ẹ̀ níbi tí ò ní ọ̀rinrin.