Kí Ló Ń Mú Òṣìṣẹ́ Pẹ́ Lọ́dọ̀ Ọ̀gá?

Ẹ káàbọ̀ o. Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù ìtajà tàbí ilé búrẹ́dì ní Àkúrẹ́, tí òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ mú bírò, ká jọ ṣírò owó kan.

Ká ní 80,000 náírà lẹ ń san lóṣù. Alágbàka ni ṣọ́ọ̀bù wà, apá Ọ̀dà ni òṣìṣẹ́ ń gbé. Bí àlọ àtàbọ̀ bá ń jẹ 800 lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 26 á gbé 20,800 lọ. Ó ku 59,200. Bí ẹnìkan bá pè é sí 70,000 nítòsí ilé rẹ̀, yóò lọ, ẹ̀yin á sì máa pè é ní aláìmoore. Ẹ bá a san ìdajì owó ọkọ̀ yẹn, ohun tó kù sí i lọ́wọ́ á di 69,600: irínwó náírà péré ni ẹni yẹn fi jù yín lọ. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa san án o. Ìdajì oṣù ni owó ọkọ̀ máa ń tán, ibẹ̀ ni pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láti oṣù keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù ti di 70,000. Òfin yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn náà ni òṣìṣẹ́ tiyín fi ń wọn yín.

Owó ìfẹ̀yìntì ló máa ń ba nǹkan jẹ́ jù. Òfin ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè yọ ìdá 8 nínú 100 lára owó òṣìṣẹ́, kí ọ̀gá fi ìdá 10 kún un, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn owó oṣù. Bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí 80,000, 6,400 ni ti òṣìṣẹ́, 8,000 ni ti ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mìíràn á yọ 6,400, á fi ra ọjà. Òṣìṣẹ́ á yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò lórí fóònù, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ fi 10,000 kún owó oṣù lọ́la, iṣẹ́ mìíràn ló ń wá.

Ọjà tó sọnù ńkọ́? Àwọn ọ̀gá kan máa ń pín gbèsè rẹ̀ sórí gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ tí kò sì jalè ló ń kọ́kọ́ lọ, torí òun ló rọrùn fún láti ríṣẹ́. Òfin iṣẹ́ kò tiẹ̀ gbà kí gbogbo ohun tí ẹ ń yọ lóṣù ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ.

Ẹ mú ọjọ́ kan fún owó oṣù, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Bí owó bá fẹ́ pẹ́, ẹ sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà, kí òṣìṣẹ́ lè tètè bá onílé rẹ̀ sọ̀rọ̀.