Afẹ́fẹ́ Tó Gbé Columbus Lọ, Àti Èyí Tó Gbé E Bọ̀

Ẹ fojú inú wo àwòrán ilẹ̀ ayé. Palos, ní gúúsù Sípéènì, ni Christopher Columbus ti ṣí ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1492 pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́ta: Santa María, Pinta àti Niña. Ìwọ̀-oòrùn ló ń lọ, kó lè gba ibẹ̀ dé Éṣíà. Kí ló dé tó fi kọ́kọ́ forí lé gúúsù, sí àwọn erékùṣù Canary létí àríwá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà?

Afẹ́fẹ́ ni. Létí Sípéènì, láti ìwọ̀-oòrùn ló sábà máa ń fẹ́ wá, á máa dá ọkọ̀ padà sẹ́yìn. Ní Canary, láti àríwá ìlà-oòrùn ló ń fẹ́. Ẹ̀yìn ló ti ń ti ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tún ìtọ́kọ̀ Pinta tó bàjẹ́ lójú omi ṣe, tí wọ́n sì pààrọ̀ ìgbòkun Niña. Onígun mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀. Irú ìyẹn dára bí ọkọ̀ bá ń wá ọ̀nà gba iwájú afẹ́fẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n onígun mẹ́rin ló ń gba afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn dáadáa.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n kúrò ní La Gomera, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Canary. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá, wọ́n gúnlẹ̀ sí Guanahaní, erékùṣù kan ní Bahamas, ilẹ̀ àwọn Lucayan, tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ìṣirò Columbus nípa bí Éṣíà ṣe jìnnà tó kò tọ̀nà rárá o. Bí a bá pín àyíká ayé sí 360, al-Farghani, onímọ̀ ìràwọ̀ ayé àtijọ́, ní ìdá kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì 56 àti díẹ̀. Máìlì àwọn Lárúbáwá ló ń sọ. Máìlì Róòmù, tó kúrú jù ú lọ, ni Columbus fi ṣírò. Ayé bá kéré lójú rẹ̀. Ó ka Canary sí Japan sí nǹkan bí 4,400 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ ó lé ní ìlọ́po mẹ́rin iye yẹn. Ká ní kò sí ilẹ̀ kankan láàárín, ebi àti òùngbẹ ni ì bá pa wọ́n sójú òkun.

Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn yẹn kan náà ló tún ń da àwọn atukọ̀ láàmú: bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń fẹ́ lọ, kí ni yóò gbé wọn délé? Nígbà tí afẹ́fẹ́ kọjú sí wọn ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, ara Columbus balẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun nílò rẹ̀ gan-an.

Nígbà tó ń padà bọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1493, kò gba ọ̀nà tó bá lọ. Santa María ti fàyà sọ ilẹ̀ létí Haiti lọ́jọ́ Kérésìmesì, Niña ló sì wọ̀. Ó gòkè sí àríwá títí tó fi bọ́ sọ́wọ́ afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn, èyí tó gbé e dé Azores, àwọn erékùṣù Pọtogí láàárín òkun Àtìláńtíìkì. Ìjì fẹ́rẹ̀ẹ́ rì wọ́n kí wọ́n tó débẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta ló wọ Palos.

Ọ̀nà ti là: Canary ní lílọ, Azores ní bíbọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ọkọ̀ 17 gbéra láti Cádiz. Èèyàn tó tó 1,200 ló wà nínú wọn, pẹ̀lú ẹṣin àti irúgbìn, wọ́n sì yà ní Canary kó ìrèké tí wọ́n máa lọ gbìn.