Níbo ni ẹni tí wọ́n pa wà? Ẹ̀fẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti akọ̀ròyìn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá dá lórí àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń fi ẹ̀fẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí akọ̀ròyìn àti ọlọ́pàá wá gbà á ní ìwà ọ̀daràn gidi. Tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá jáde, ọ̀pọ̀ máa ń ní àwọn ọlọ́pàá kò lóye ni. Èmi ò gbà pé àìlóye ni. Kí ọlọ́pàá ṣi nǹkan gbà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ò burú, iṣẹ́ wọn ni láti fura. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i pé kò sí ẹni tó kú, kò sì sí ohun tó sọnù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ọdún 2000. Ojúewé kan jáde lórí ẹ̀rọ MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Bonsai Kitten ni wọ́n pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nídìí rẹ̀, àmọ́ orúkọ dókítà kan tí kò sí láyé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Dókítà yìí ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè ki ọmọ ológbò bọ inú ìgò láti kékeré, kí egungun rẹ̀ lè gba ìrísí ìgò náà bó ṣe ń dàgbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Japan ṣe ń fi wáyà àti àlùmọ́gàjí tọ́ igi kéékèèké tí wọ́n ń pè ní bonsai. Ohùn ẹni tó ń polówó ọjà tó dá a lójú ló fi sọ ọ́. Kò ṣẹ́jú sí ẹnikẹ́ni pé àwàdà ni. Bí mo ṣe kà á, àwọn tó ń sọ ohun ẹlẹ́mìí di ohun ọ̀ṣọ́ inú ilé ló ń bá wí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kúrò lójú ewé tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ara wọn nínú í-méèlì, wọ́n ń bẹ ara wọn pé kí wọ́n fọwọ́ síwèé kí ìjọba lè ti ibẹ̀ pa. Ẹni tó gba í-méèlì yẹn ò mọ dókítà onírọ́ náà, kò ka ìyókù ọ̀rọ̀ tó lè mú un fura. Ọmọ ológbò nínú ìgò àti ẹkún ẹni tó fi ránṣẹ́ nìkan ló rí. Mi ò bá wọn wí rárá. Ẹni tó bá rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ ò bù máṣọ, onítọ̀hún ló yẹ ká bẹ̀rù.

Humane Society, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹranko ní Amẹ́ríkà, bẹnu àtẹ́ lù ú. MIT yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ wọn. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001, ẹ̀ka FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, tó wà ní Boston ti ń ṣèwádìí, wọ́n sì ti fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí MIT pé kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ ojúewé náà wá. Òfin wo ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé? Òfin kan tí Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1999 ni. Ohun tó fa òfin náà ni fídíò àwọn tó ń fi bàtà tẹ ẹranko kéékèèké pa fún àwọn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ru ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ wọn sókè. Òfin ọ̀hún fúnra rẹ̀ sì sọ pé òun ò kan ohun tó bá ní ìwúlò gidi fún iṣẹ́ ọnà. Ìkà gidi wà nílẹ̀ tó yẹ kí wọ́n lépa, wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Wọn ò rí ológbò kankan tí ẹnikẹ́ni fìyà jẹ. Ní ọdún 2010, nínú ẹjọ́ mìíràn tó jẹ mọ́ fídíò ìjà ajá, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà wọ́gi lé òfin náà pé ó gbòòrò jù. Adájọ́ mẹ́jọ fara mọ́ ọn, ẹyọ kan ló kọ̀.

Lọ́dún 2000 kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Rensselaer Polytechnic Institute ní ìpínlẹ̀ New York ṣí ojúewé kan tó pè ní Voteauction, ó ní kí ará ìlú wá gbé ìbò wọn síbẹ̀ fún ẹni tó bá lówó jù. George W. Bush àti Al Gore ló ń dupò Ààrẹ nígbà náà, owó ńláńlá sì ń wọnú ìpolongo wọn. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń bi wọ́n ò ṣòro: bí owó bá ti lè ra olóṣèlú, kí ló dé tí olùdìbò fúnra rẹ̀ ò fi ní rí nínú owó náà? Nígbà tí wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, ojúewé náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ará Austria, Hans Bernhard àti lizvlx, tí wọ́n ń pe ara wọn ní UBERMORGEN. Àwọn wọ̀nyí ń dá akọ̀ròyìn lóhùn bí oníṣòwò gidi. CNN fi odindi ètò kan jíròrò rẹ̀. Àjọ elétò ìdìbò Chicago gba ilé-ẹjọ́ lọ, ilé-ẹjọ́ pàṣẹ, iléeṣẹ́ tó forúkọ ojúewé náà sílẹ̀ sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ ìdí tí àjọ náà fi ta gìrì, torí ìdìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni títa ìbò lábẹ́ òfin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, UBERMORGEN kó ìrírí náà sínú iṣẹ́ ọnà tuntun, Injunction Generator, ẹ̀rọ tó ń tẹ ayédèrú àṣẹ ilé-ẹjọ́ jáde fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ti ojúewé ẹlòmíràn pa.

Àwọn akọ̀ròyìn náà ní ìpín tiwọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004, Associated Press, iléeṣẹ́ ìròyìn Amẹ́ríkà, gbé e jáde pé fídíò kan fi hàn bí wọ́n ṣe bẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan lórí ní Iraq. Ọ̀dọ́kùnrin náà wà nílé rẹ̀ ní San Francisco, ara rẹ̀ le koko. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti ya fídíò náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá. Ojúewé tí àwọn agbébọn ń lò ni fídíò náà ti hàn sí àwọn oníròyìn, ibi tí wọ́n ti rí i ló sì sọ ọ́ di òótọ́ lójú wọn. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ṣàtúnṣe. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Rémy Couture ní Montreal, ní orílẹ̀-èdè Canada. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi àwọ̀ àti rọ́bà ṣe ọgbẹ́ fún àwọn tó ń ṣe fíìmù. Ó ní ojúewé kan, Inner Depravity, tó kún fún àwòrán apànìyàn tó fi ọgbọ́n orí gbé kalẹ̀. Ní ọdún 2006, ẹnì kan ní Austria rí i, ó gbà pé ìpànìyàn gidi ni, ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Interpol, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé. Ní 2009 ni ọlọ́pàá Montreal mú un. Òkú ò sí. Àwọn tó ṣeré níbẹ̀ wà láàyè. Ó yẹ kí wọ́n kí i pé ó mọṣẹ́, kí wọ́n sì máa lọ sílé. Wọ́n fi ẹ̀sùn mìíràn kàn án dípò ìyẹn: pé ó ń ba ìwà ọmọlúwàbí àwùjọ jẹ́. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2012 kí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó sọ pé kò jẹ̀bi.

Ìyípadà ẹ̀sùn yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ó ṣẹlẹ̀ sí Steve Kurtz náà ní Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, bí ò tilẹ̀ jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà ni nínú ẹgbẹ́ Critical Art Ensemble, tó ń fi ẹ̀fẹ̀ àti ohun èlò sáyẹ́ǹsì bi àwọn iléeṣẹ́ oúnjẹ àti ìjọba léèrè ọ̀rọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004, ó jí, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní òkú, ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó pe àwọn tó máa gbà á. Àwọn wọ̀nyẹn rí àwo kòkòrò àìfojúrí nínú ilé, wọ́n ránṣẹ́ pe FBI, kò sì pẹ́ tí àwọn tó wọ aṣọ ààbò láti òkè délẹ̀ fi kún àdúgbò. Wọ́n kó ìwé rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀, títí kan òkú ìyàwó rẹ̀. Kòkòrò tí kì í ṣe ewu fún ará ìlú ni wọ́n bá níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀sùn ìpániláyà ò dúró, wọ́n ní ó lu jìbìtì nínú ọ̀nà tó gbà ra kòkòrò tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 256. Ẹ̀wọ̀n 20 ọdún lè wà nínú rẹ̀. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù ní oṣù Kẹrin ọdún 2008. Ọdún mẹ́rin tí ọkùnrin yìí yẹ kó fi ṣọ̀fọ̀ aya rẹ̀, ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ló ti lò ó.

Ti Parma ní ìpínlẹ̀ Ohio ló kù. Ní 2016, arákùnrin kan ṣí ojúewé Facebook tó jọ ti iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú rẹ̀, ó ń kọ ohun tí kò sí ọlọ́pàá tó jẹ́ kọ síta, bí ìkéde pé wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ àmọ́ kí àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun má wulẹ̀ wá. Wákàtí 12 péré ló wà níbẹ̀. Ènìyàn 11 ló pe ọlọ́pàá nípa rẹ̀. Wọ́n mú un, ó sun àtìmọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó fi kọ̀ǹpútà dí iṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá a sílẹ̀, òun náà wá pe àwọn ọlọ́pàá lẹ́jọ́.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ká ní oníṣẹ́ ọnà kọ “àwàdà ni èyí” sókè, gbogbo wàhálà yìí ò ní wáyé. Mi ò gbà. The Onion, ìwé ìròyìn ẹlẹ́fẹ̀, dá sí ẹjọ́ ará Ohio yìí ní 2022. Àlàyé wọn fún Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ni pé ẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jọ òótọ́ kó tó lè gún ẹni tó yẹ kó gún, àti pé ẹni tó bá ti kéde rẹ̀ ṣáájú ti tú u ká. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹrù kí a wádìí wà lọ́rùn ẹni tó ní àṣẹ láti ti ènìyàn mọ́lé, kò sí lọ́rùn ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀. Ìwádìí náà ò sì gba ọgbọ́n ńlá: níbo ni ẹni tí wọ́n pa wà? Bí kò bá sí, kí fáìlì di pípa, kí wọ́n má wá ẹ̀sùn kejì.

Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ní òfin dáàbò bo àwọn ọlọ́pàá Parma, kò sẹ́ni tó lè gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà, wọn ò sì sọ ìdí.