Kì Í Ṣe Inú Ẹ̀wọ̀n Ni Mo Bímọ Sí

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo kí yín láti ìlú Berlin. Màmá gbé ife kọfí wọn sílẹ̀, wọ́n fi aṣọ ìnujú nu ẹnu, wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì bi mí pé: "Ṣé inú ẹ̀wọ̀n ni ènìyàn ti ń bí ọmọ mẹ́ta?" Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gún mi lọ́kàn, òun náà ni ó sì gbé mi jókòó sídìí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lálẹ́ òní.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbọ́ mi tipẹ́ mọ ìyẹn, n kò ní tún un sọ. Màmá tí mò ń wí yìí wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú. Wọn kọ́ ni ó bí mi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ahọ́n mi kò lè pè é ní nǹkan mìíràn. Apá ìlà-oòrùn ìlú yìí ni wọ́n gbé dàgbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, tẹlifíṣọ̀n ń fi àwòrán ọdún 1989 hàn, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti gun orí ògiri Berlin, èyí tí ó pín ìlú yìí sí méjì tí ó sì ṣí lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n sì ń dì mọ́ ara wọn. Inú mi dùn bí ẹni pé mo wà láàárín wọn. Mo yíjú sí Màmá, mo ní: "Màmá, inú yín á mà dùn o, lọ́jọ́ tí ẹ jáde kúrò lẹ́wọ̀n!" Mo rò pé mo ń bá wọn yọ̀ ni. Ìgbà náà ni wọ́n gbé ife sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe pín Jámánì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì kò ṣàjèjì sí yín, nítorí náà n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé mú ìwọ̀-oòrùn, Sófíẹ́tì mú ìlà-oòrùn, wọ́n sì pín Berlin fúnra rẹ̀ sí mẹ́rin bákan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ilẹ̀ tí Sófíẹ́tì mú ni ìlú náà wà. Nígbà tí yóò fi di òpin ọdún 1949, orílẹ̀-èdè méjì ti jáde láti inú ẹyọ kan. Nínú èkínní, ìyẹn ìwọ̀-oòrùn, olówó lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó sì jèrè, owó ìrànwọ́ Marshall láti Amẹ́ríkà sì ń ràn án lọ́wọ́. Nínú èkejì, ìyẹn ìlà-oòrùn, ìjọba kọ́múnísì gba ilé iṣẹ́ ńláńlá, ó gba oko àwọn onílẹ̀ ńlá, Sófíẹ́tì sì ń tú ẹ̀rọ inú ilé iṣẹ́ ibẹ̀ kó lọ sílé gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn ogun. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, wọ́n bu oúnjẹ fún ọ̀kan, wọ́n sì gba ti ọwọ́ èkejì.

Ohun tí ìwé kò kọ́ mi ni bí ààlà ṣe máa ń rí nígbà tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà ilé ènìyàn kọjá. Ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Bernauer Straße, ìlà-oòrùn ni àwọn ilé tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn ń tẹ̀ bí ó bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà ti di ìwọ̀-oòrùn. Ní òru Sátidé mọ́jú Sunday, ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1961, ìjọba ìlà-oòrùn ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí ọ̀nà láàárín ìlú. Oṣù méjì péré ṣáájú ni Walter Ulbricht, olórí ìlà-oòrùn, sọ lójú àwọn oníròyìn pé kò sí ẹni tí ó gbèrò láti kọ́ ògiri. Wọ́n fi bíríkì dí àwọn ilẹ̀kùn Bernauer Straße, wọ́n sì dí fèrèsé. Àwọn ènìyàn ń bẹ́ sílẹ̀ láti òkè kí wọ́n tó dí tiwọn. Ida Siekmann bẹ́ láti ojú fèrèsé ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù náà, ó sì kú.

Ìyá tí ó bí Màmá àti àbúrò wọn obìnrin ń gbé ní apá ìwọ̀-oòrùn, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé tí Màmá àti ọkọ wọn ń gbé ní ìlà-oòrùn. Láti ọdún 1952 ni wọ́n ti gé wáyà tẹlifóònù láàárín apá méjèèjì, nítorí náà ohun tí ó kù fún wọn ni ojú. Màmá a gun òkè ilé ọ̀rẹ́ wọn kan ní ọ̀sán Sunday, ìyá wọn a dúró ní ìkọ̀rítà kan ní òdì kejì, wọ́n a fi áńkáṣíìfù funfun juwọ́ sí ara wọn. Wọn kò lè gbọ́ ohùn ara wọn. Ní ìgbà òtútù tí ó tẹ̀ lé e, ìyá wọn kò yọjú ní Sunday méjì. Ní ìkẹta, àbúrò wọn nìkan ni ó dúró síbẹ̀, kò ju áńkáṣíìfù, aṣọ dúdú ni ó wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Aṣọ yẹn ni lẹ́tà. Màmá sọ pé àwọn dúró sójú fèrèsé náà títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí pé bí àwọn bá kúrò níbẹ̀, a jẹ́ pé òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú ní Ìbàdàn, ìwé ìgbélùú mi wà ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń tún un ṣe, wọ́n ní kí n máa retí lẹ́tà, lẹ́tà kò sì dé. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí, orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń gbé pósí wọ inú ilẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì sì já kí wọ́n tó bu eruku àkọ́kọ́. N kò sọ pé lẹ́tà tí kò dé àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí kò sí ẹni tí ó na ìbọn sí mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó jẹ́ kí òkú òbí ẹni sùn láìjẹ́ pé ọwọ́ ẹni wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Màmá fi dùn mí wọ egungun, nítorí pé obìnrin kan náà tí ògiri kò jẹ́ kí ó sin ìyá rẹ̀ ni ó tún wò mí lójú pé kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni òun gbé.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹnì kan láàárín yín pé: "Ìwọ yìí, ṣé o ti di kọ́múnísì ni?" Rárá o. Ènìyàn tí ó kú sí ìdí ògiri yẹn kò dín ní 140. Ní ọdún 1953, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́lékọ́lé dìde nítorí pé ìjọba fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ wọn láìfi owó kún owó, ìjọba tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ti òṣìṣẹ́ jẹ́ kí ọkọ̀ ogun Sófíẹ́tì gun orí wọn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1989, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Stasi ní nǹkan bí 91,000 òṣìṣẹ́ fún orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 16, yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò tí ń bá wọn yọ́ tẹ́tí. Láti ọdún 1992 ni olúkúlùkù ti lè lọ ka fáìlì tirẹ̀. Màmá kò lọ. Wọ́n ní àwọn tí ó ń bá àwọn mu kọfí nígbà náà ni àwọn ṣì ń bá mu kọfí, àwọn kò sì fẹ́ mọ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní: "Bí ó bá dára, kí ló dé tí wọ́n fi sá?" Òótọ́ ni, wọ́n sá. Ó tó mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn tí ó kúrò ní ìlà-oòrùn kí ògiri tó dúró, dókítà, ẹnjiníà àti ọ̀dọ́ pọ̀ nínú wọn, nítorí àtidá wọn dúró ni wọ́n sì ṣe kọ́ ọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ já pa wá sí Yúróòpù: bí òyìnbó kan bá sọ fún yín pé níwọ̀n bí ẹ ti sá kúrò nílé, a jẹ́ pé àwọn tí ó kù nílé kò ní ìgbésí ayé, pé ìgbéyàwó tí ìyá yín ṣe, ìkómọ tí wọ́n jó níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́, asán ni gbogbo rẹ̀, ṣé ẹ óò gbà? Ẹ óò bínú! Ẹ óò dìde lórí àga! Èmi pẹ̀lú ẹnu ara mi ni mo sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi èyí kún un, nítorí pé àwọn tí ó bá borí ló sábà máa ń pa ìtàn. Títí di ọdún 1977, òfin Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, ìyẹn apá tí gbogbo wa ń pè ní olómìnira, sọ pé abilékọ lè ṣiṣẹ́ níta bí iṣẹ́ náà kò bá di ojúṣe rẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀ lọ́wọ́. Ní ìlà-oòrùn, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fi máa wó, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú obìnrin mẹ́wàá ni ó ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́, ilé ìtọ́jú ọmọdé sì wà fún ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ wọn. Ìjọba nílò ọwọ́ wọn, ìyẹn kò ṣeé sẹ́, wọ́n sì tún ń padà dáná lálẹ́. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ Màmá, orúkọ Màmá ni ó wà lórí rẹ̀.

Gílóòbù iná ni wọ́n ń ṣe níléeṣẹ́ wọn. Nígbà tí iná yàrá wọn kú ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n má pe ẹnikẹ́ni, kí n tú gílóòbù náà fún wọn. Wọ́n gbé e sí etí, wọ́n mì í jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń yẹ ẹyin wò, nítorí pé okùn tín-ínrín inú gílóòbù àtijọ́ máa ń dún bí ó bá já. Ìgbàlódé ni eléyìí, kò dún. Wọ́n tún mì í, wọ́n ní: "Irọ́ ló ń pa!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, ó sì tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí Màmá gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá nídìí nǹkan nìyẹn. Ní oṣù Keje ọdún 1990, owó ìwọ̀-oòrùn wọ ìlà-oòrùn, àwọn ènìyàn jó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí kò lè fi owó yẹn sanwó òṣìṣẹ́ ni wọ́n tà tàbí tí wọ́n tì pa. Ti Màmá wà nínú wọn. Wọ́n lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, kò sì sí ẹni tí ó tún bi wọ́n léèrè ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà ju bí a ti rò lọ. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó kọ́kọ́ wá kàwé ní Jámánì Ìlà-Oòrùn, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, àwọn 11, Leipzig ni wọ́n sì dé ní ọdún 1951, nígbà tí àsíá Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lórí ilé wa. Nígbà tí apá méjèèjì ayé ń du ọkàn ọmọ aláwọ̀ dúdú, àwọn 11 yìí wo ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí, wọ́n sì wọlé. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wá.

Màmá kò bá mi bínú pẹ́. Nígbà tí ojú ọjọ́ rọ̀, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí Bernauer Straße. Ògiri kò sí ní ọ̀pọ̀ ibi mọ́, irin gígùn tí ó ti dípatà ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi ojú ọ̀nà tí ó gbà hàn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà láàárín tí ìjọba ìlà-oòrùn fi ohun abúgbàù wó ní ọdún 1985, wọ́n ti kọ́ kékeré síbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń gbin ọkà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá fi kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń rìn sílẹ̀ fún mi, wọ́n wá ìkọ̀rítà kan kiri títí wọ́n fi rí i. Wọ́n bi mí ní oríkì bàbá mi, mo kì í fún wọn, wọ́n gbìyànjú láti pè é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa áńkáṣíìfù yọ, wọ́n na ọwọ́ gba àárín irin méjì, wọ́n fi juwọ́ sí òdì kejì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì nà án sí mi pé kí èmi náà wá ju ti bàbá mi.

Mo gbà á, mo sì jù ú.