Wáàsí Jímọ̀: Eegun mọ ẹrù tó ń gbé

Àsàláámù àlékúmù, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. Nígbà tí Ànábì Sakariyáù ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, eegun ló kọ́kọ́ dárúkọ, kó tó kan ewú orí: "Olúwa mi, dájúdájú eegun mi ti lẹ" (Súrà Màríyámù, 19:4).

Eegun kì í ṣe igi gbígbẹ. Ohun abẹ̀mí ló kún inú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní osteocyte lé ní ìdá 90 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì eegun àgbàlagbà. Oníkálukú wọn wà nínú ihò tirẹ̀, ó na apá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kan àwọn tó yí i ká. Bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, eegun á tẹ̀ díẹ̀, ojú ò lè rí i. Omi inú ihò náà á ṣàn, sẹ́ẹ̀lì á mọ̀ pé ẹrù dé, á sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n mọ eegun kún un.

Àwọn onímọ̀ yẹ eegun eku wò. Sẹ́ẹ̀lì inú eegun ẹsẹ̀ gùn gbọọrọ, ó nà síhà tí ẹrù ń gbà wọ̀ ọ́. Ti inú agbárí, níbi tí ẹrù kì í ti í pọ̀, rí roboto. Nínú yàrá ìwádìí, èyí tó rí roboto ń tètè mọ agbára kékeré lára ju èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ. Súbúhánálláhì! Ta ló mọ ìwọ̀n yìí, bí kò ṣe Ẹlẹ́dàá?

Àwọn tó lọ gbé nínú òfurufú, níbi tí ara ò ti wúwo, ń pàdánù tó ìdá 1 sí 1.5 nínú 100 eegun ìbàdí wọn lóṣooṣù. Ẹ wá wo ìyá àgbà tí a gbé jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n fẹ́ dìde bu omi, a ní, "Ẹ jókòó jàre, Ìyá, a ó bá yín bù ú." Àánú ni lójú wa, ẹrù tó yẹ kó dé eegun wọn la sì ń gbà lọ.

Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní sàárà wà lórí gbogbo oríkèé ara wa ní àràárọ̀, rákáà méjì ìrun wàláhà sì tó o. Ẹ dìde kí i. Bí mọ́sálásí ò bá jìnnà, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Jímọ̀ òní, kí ẹ di Ìyá mú lọ́wọ́ bí wọ́n bá lè rìn. Ẹni tí kò lè dúró, kó jókòó kírun. Ẹni tí kò lè jókòó, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i. Bí Ànábì ṣe wí nìyẹn.